Òrépèté, Koríko Irà Tó Di Ìwé

  Koríko kan ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí lálẹ́ òní, koríko inú irà tí kì í hù síbi tí omi kò bá sí.

Lọ́dún 2013, ikọ̀ awalẹ̀pìtàn kan tí Pierre Tallet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, jẹ́ olórí rẹ̀ ń gbẹ́lẹ̀ ní Wadi al-Jarf, ní etí Òkun Pupa nílẹ̀ Íjíbítì. Àwọn ará àtijọ́ ti gbẹ́ ihò sínú àpáta níbẹ̀, tí wọ́n ń kó ọkọ̀ ojú omi wọn pa mọ́ sí. Lẹ́nu àwọn ihò wọ̀nyí ni wọ́n ti bá àjákù ìwé tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 4,500 ọdún. Lára wọn ni àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́ ọ̀gá òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Merer wà. Òun àti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ló ń fi ọkọ̀ ojú omi kó òkúta ẹfun láti Tura lọ sí Giza, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ pírámíìdì ńlá Fáráò Khufu lọ́wọ́. Merer kọ ọjọ́ tí wọ́n gbéra, ó kọ ibi tí wọ́n sùn, ó kọ ọjọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí tó dàgbà ju àwọn wọ̀nyí lọ tí ẹnikẹ́ni tíì rí ní Íjíbítì.

Òrépèté, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní papyrus, ni wọ́n fi ṣe ìwé Merer. Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé omi ni ẹ̀mí koríko yìí. Tí omi bá gbẹ lábẹ́ rẹ̀, ó kú nìyẹn. Báwo wá ni ohun tí wọ́n fi í ṣe ṣe pẹ́ láyé ju ìjọba àwọn Fáráò tó ní in lọ? Ìdáhùn wà nínú irú ilẹ̀ tó yí irà náà ká, ọ̀rọ̀ yóò sì débẹ̀ láìpẹ́.

Ẹni tó bá ti jẹ òfìò rí ti mọ ẹbí òrépèté. Ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko kó àwọn méjèèjì sí, pẹ̀lú làbẹlábẹ etí odò tí í ya ọmọdé lẹ́sẹ̀ nígbà tó bá lọ pọnmi. Ṣùgbọ́n òrépèté ga ju ọ̀pọ̀ nínú ẹbí rẹ̀ lọ fíìfíì. Ọ̀pá rẹ̀ lè ga tó mítà mẹ́rin sí márùn-ún, ìyẹn ni pé géńdé méjì tó gun ara wọn léjìká lè má rí ìparí rẹ̀. Ewé kankan kò sí lára ọ̀pá náà. Ó ń dán, ó tutù minimini, igun mẹ́ta ló sì ní. Ẹni tó bá di í mú nínú òkùnkùn yóò fi ọwọ́ mọ igun kọ̀ọ̀kan. Lókè téńté ni àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ ti tú jáde jáǹtìrẹrẹ, tí atẹ́gùn ń fẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Nínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ nípọn, ó sì ń rá pálá lọ nílẹ̀, ó ń yọ ọ̀pá tuntun bó ṣe ń lọ. Níbi tí omi kò ti jìn, tí kò sì sáré, ibẹ̀ gan-an ni ilé rẹ̀: etí adágún, ẹ̀gbẹ́ odò tó ń ṣàn jẹ́jẹ́, ọ̀gọ̀dọ̀ tí kì í gbẹ. Tó bá tàn dé ibi tí omi ti jìn, gbòǹgbò wọn a máa lọ́ mọ́ra, wọn a sì di ibùsùn ńlá tó léfòó, tí èèyàn lè dúró lé. Ìjì a máa já apá kan nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, a sì máa gbé e káàkiri ojú adágún bí erékùṣù tí kò ní ìdákọ̀ró. Ohun tó ń mú un léfòó ni inú ọ̀pá rẹ̀, tó funfun, tó fúyẹ́, tí ihò wínníwínní tí atẹ́gùn wà nínú wọn sì kún fọ́fọ́.

Kí ó tó di ìwé, iṣẹ́ mìíràn ló ń bá ará Íjíbítì ṣe. Wọ́n ń fi okùn rẹ̀ so ẹrù, wọ́n ń fi í hun ẹní, agbọ̀n àti ìgbòkun. Herodotus, òpìtàn Gíríìkì tó rin ìrìn àjò dé Íjíbítì ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù, kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàtà òrépèté ni àwọn àlùfáà ibẹ̀ ń wọ̀. Ó tún ní wọ́n ń jẹ ìsàlẹ̀ ọ̀pá rẹ̀, àti pé ẹni tó bá fẹ́ kó dùn gan-an yóò kọ́kọ́ yan án nínú ààrò gbígbóná. Àwọn apẹja ń di ọ̀pá rẹ̀ ní ìdì ìdì, wọ́n ń so ìdì pọ̀, ó ń di ọkọ̀. Àwọn tó ń ka Bíbélì náà ti bá a pàdé: inú apẹ̀rẹ̀ irú koríko yìí, tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, ni ìyá Mósè tẹ́ ọmọ rẹ̀ sí létí odò.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di ìwé.

Tútù ni wọ́n ń gé e. Apá ìsàlẹ̀ ọ̀pá, níbi tó ti nípọn tó ọrùn ọwọ́ ọmọdé, ló dára jù. Wọ́n á gé e sí gígùn tí wọ́n fẹ́, wọ́n á fi ọ̀bẹ bó èèpo rẹ̀ kúrò, inú funfun á sì yọ. Inú funfun yìí ni wọ́n á là ní òòró, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, kó fẹ́lẹ́ débi tí oòrùn fi lè là á kọjá. Àwọn oníṣẹ́ òde òní a máa rẹ awẹ́ wọ̀nyí sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n a sì yí ọ̀pá igi lórí wọn kí omi inú wọn lè jáde.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ́ aṣọ sílẹ̀, tí wọ́n á to awẹ́ kan ti èkejì, kí etí wọn gun ara wọn díẹ̀. Ìpele kìn-ín-ní nìyẹn, òòró ló wà. Wọ́n á to ìpele kejì lé e lórí, èyí á wà ní ìbú. Wọn kò fi àtè sí i rárá. Wọ́n á lù ú, wọ́n á sì gbé nǹkan wúwo lé e. Oje ara rẹ̀ àti bí fọ́nrán ìpele méjèèjì ṣe ń wọnú ara wọn ni yóò mú un lẹ̀. Tó bá gbẹ tán, wọ́n á fi òkúta dídán tàbí ìkarawun họ ojú rẹ̀ títí yóò fi jọ̀lọ̀, kí gègé má baà máa kọ́ nígbà tí wọ́n bá ń kọ̀wé. Ẹni tó bá gbé ojú ìwé òrépèté sókè sí ìmọ́lẹ̀ yóò rí ìlà òòró àti ìlà ìbú tó gba inú ara wọn kọjá.

Àtè ìyẹ̀fun wà fún ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ so ojú ìwé kan mọ́ òmíràn. Pliny Àgbà, ará Róòmù tó kọ̀wé lórí ohun gbogbo tó wà láyé, ní ojú ìwé tó wà nínú àkájọ kan kì í ju ogún lọ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ lè so àkájọ mọ́ àkájọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní Great Harris Papyrus, tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, gùn ju mítà 40 lọ. Iṣẹ́ tí Fáráò Ramesses Kẹta ṣe àti ọrẹ tó fún àwọn tẹ́ńpìlì ni wọ́n tò sínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ́dú inú èéfín tí wọ́n pò mọ́ oje igi àti omi ni tàdáwà wọn. Fún àkọlé àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọn a máa lo tàdáwà pupa tí wọ́n fi ilẹ̀pa ṣe.

Ìwé yìí di ọjà tó rìn jìnnà. Gíríìkì rà á, Róòmù rà á, àwọn oníṣòwò àti agbowó-orí gbogbo etí Òkun Mẹditaréníà kò sì lè ṣe iṣẹ́ wọn láìsí i. Àmọ́ tí èèyàn bá béèrè pé níbo ni ìwé tí gbogbo wọn kọ wà lónìí, ìdáhùn kan náà ló máa ń jáde: ó ti jẹrà. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Ní ìlú Alexandria gan-an, níbi tí ilé ìkàwé tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láyé àtijọ́ wà, ilẹ̀ tútù, omi sì súnmọ́ ojú ilẹ̀, nítorí náà ohun tí wọ́n rí hú níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó bá ń wá ìwé òrépèté, kí ó kúrò ní etí omi tó ti hù, kí ó lọ sí aṣálẹ̀.

Íjíbítì sì ni ilẹ̀ tí irà àti aṣálẹ̀ ti jọ ń pín ààlà. Ẹni tó bá dúró létí Náìlì lè fi ẹsẹ̀ rìn láti inú ẹrẹ̀ dé inú iyanrìn tí òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ sí, kí ọjọ́ kan tó pé. Irà ló pèsè ìwé, aṣálẹ̀ ló tọ́jú rẹ̀. Òun ló fà á tí ìwé Merer fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó hàn jù lọ wà ní Oxyrhynchus, ìlú kan ní gúúsù Cairo. Nígbà òtútù ọdún 1896 sí 1897, ọ̀dọ́ ọ̀mọ̀wé méjì láti Oxford, Bernard Grenfell àti Arthur Hunt, bẹ̀rẹ̀ sí í wa ààtàn ìlú náà. Ààtàn ni wọ́n wà o, wọn kò wa ààfin, wọn kò wa ibojì ọba. Ohun tí àwọn ará ìlú ti kà tán, tí wọ́n sì dà nù fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, ni iyanrìn bò mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Àjákù tí wọ́n kó jáde lé ní 500,000. Látọdún 1898 ni àwọn onímọ̀ ti ń tẹ̀ wọ́n jáde, ìdìpọ̀ tó ti jáde ti kọjá 80, iṣẹ́ náà kò sì tíì parí. Orin àwọn akéwì tí ayé rò pé ó ti parun wà níbẹ̀, ẹsẹ Ìwé Mímọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ rísíìtì owó orí, ìwé àdéhùn ilé yíyá, ẹjọ́ tí aládùúgbò ń bá ara wọn ṣe àti ìwé ìpè síbi àsè ló pọ̀ jù.

Lẹ́tà ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Theon wà lára wọn, èyí tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀sán ọdún sẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ ti lọ sí ìlú láì mú un dání, inú ọmọ náà sì ru gùdù. Ó ní tí bàbá òun kò bá mú òun lọ sí Alexandria, òun kò ní kọ lẹ́tà sí i mọ́, òun kò ní bá a sọ̀rọ̀, òun kò sì ní kí i mọ́. Ó ní ìyá òun ti ń sọ fún ẹnì kan pé ọmọ yìí ń da orí òun rú, kí wọ́n gbé e kúrò níwájú òun. Ó wá béèrè fún dùùrù, ó sì búra pé tí kò bá rí i gbà, òun kò ní jẹun, òun kò ní mumi. Gírámà inú lẹ́tà náà wọ́, àṣìkọ sì kún inú rẹ̀. Kò sí òbí tó ń gbọ́ ètò yìí tí kò mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ibì kan wà tí iná ti ṣe iṣẹ́ aṣálẹ̀. Ní ọdún 79, òkè ayọnáyèéfín Vesuvius bú gbàmù ní Ítálì. Pliny Àgbà tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, tó kọ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwé òrépèté, wà lára àwọn tó kú. Ó ti wa ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀ láti gba àwọn èèyàn là. Ní ìlú Herculaneum lẹ́bàá òkè kan náà, ooru yan àwọn ìwé inú ilé olówó kan dúdú, ẹrẹ̀ àti eérú sì bò wọ́n. Nígbà tí àwọn awalẹ̀ kàn wọ́n lọ́dún 1752, èédú ni wọ́n jọ. Ọ̀pọ̀ àkájọ ló fọ́ yángá nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti tú u, àwọn yòókù sì wà ní kíká fún ohun tó lé ní igba ọdún.

Lọ́dún 2023 ni Brent Seales, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Kentucky, àti àwọn olówó kan gbé ìdíje kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Vesuvius Challenge. Wọ́n ya fọ́tò inú àkájọ náà láì ṣí i, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá lè kà á wá gba ẹ̀bùn. Luke Farritor, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ rí odindi ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó ń sọ nípa àwọ̀ àlùkò. Ní oṣù kejì ọdún 2024, òun, Youssef Nader tó jẹ́ ọmọ Íjíbítì, àti Julian Schilliger láti Siwitsalandi gba 700,000 dọ́là nítorí pé wọ́n fi kọ̀ǹpútà ka lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì tó lé ní 2,000. Ọ̀rọ̀ orin, oúnjẹ àti ìgbádùn ni onímọ̀ tó kọ ìwé náà ń jíròrò.

Pépà ló gba ọjà mọ́ òrépèté lọ́wọ́. Ṣáínà ni pépà ti wá. Àwọn Mùsùlùmí kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní Àárín Gbùngbùn Éṣíà, nígbà tí yóò sì fi di ìparí ọ̀rúndún kẹjọ, wọ́n ti ń ṣe é ní Bàgídádì. Àkísà ni wọ́n fi ń ṣe é, àkísà sì wà níbi gbogbo, nígbà tí òrépèté fẹ́ irà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láàárín ọ̀rúndún kẹwàá, àwọn akọ̀wé Íjíbítì fúnra wọn ti yí sí pépà. Àwọn Póòpù Róòmù ni kò tètè jáwọ́, wọ́n ń lò ó wọ ọ̀rúndún kọkànlá. Àwọn àgbẹ̀ gbẹ omi irà láti fi dáko, kò sì sẹ́ni tó ń tọ́jú koríko tí kò mówó wọlé mọ́. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi wọlé, òrépèté ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá pátápátá ní Íjíbítì, ilẹ̀ tó sọ ọ́ di olókìkí.

Ẹni tó dá a padà ni Hassan Ragab, oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó ti ṣe aṣojú Íjíbítì ní Ṣáínà, níbi tó ti rí àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe pépà. Ní àwọn ọdún 1960, ó mú irúgbìn òrépèté wá láti Sudan, ó gbìn ín sétí Náìlì ní Cairo, ó sì ń dán an wò títí ó fi mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ náà tàn dé abúlé al-Qaramous ní ìpínlẹ̀ Sharqia, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbìn ín sínú oko olómi, tí wọ́n ń là á, tí wọ́n sì ń ya àwòrán Fáráò sí i fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Nígbà tí rògbòdìyàn ọdún 2011 lé àwọn àlejò sá, tí àrùn kòrónà tún dé lọ́dún 2020, ọjà wọn dẹ̀ gan-an.

Níbòmíràn nílẹ̀ Áfíríkà, òrépèté kò lọ síbì kankan. Ó wà ní irà Sudd ní Gúúsù Sudan, ó wà ní Okavango nílẹ̀ Botswana, ó sì wà ní Adágún Ṣáàdì tí Nàìjíríà bá pààlà ní ìpínlẹ̀ Bọ̀rnó. Àwọn Búdúmà, tí wọ́n ń gbé erékùṣù inú adágún náà, mọ bí wọ́n ṣe ń fi koríko yìí di ọkọ̀. Nígbà tí Thor Heyerdahl, ọmọ ilẹ̀ Norway, fẹ́ fi hàn pé ọkọ̀ òrépèté lè la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá, ọ̀dọ̀ wọn ló lọ. Ó mú àwọn Búdúmà lọ sí Íjíbítì, wọ́n sì fi koríko tí wọ́n gé ní Adágún Tana nílẹ̀ Etiópíà kan ọkọ̀ tó pè ní Ra. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1969, èèyàn méje gbéra láti èbúté Safi ní Mòrókò. Ọkọ̀ náà rìn nǹkan bí 5,000 kìlómítà kí ìdí rẹ̀ tó rì sínú omi. Okùn tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè ni wọn kò bójú tó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn Aymara láti Bòlífíà kan Ra kejì, òun sì gúnlẹ̀ sí Barbados lọ́jọ́ 57.

Iṣẹ́ tí òrépèté ń ṣe jù lónìí kò ní ìwé nínú. Ní Kampala, olú-ìlú Ùgáńdà, omi ẹ̀gbin ìlú máa ń ṣàn gba irà Nakivubo kọjá kó tó dé Adágún Victoria. Gbòǹgbò òrépèté a máa fa ohun tó wà nínú omi ẹ̀gbin náà mu, ìdọ̀tí mìíràn a sì rọ̀ sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Àǹfààní ńlá ni, nítorí pé etí ibẹ̀ náà, ní Ggaba, ni ilé iṣẹ́ omi ìjọba ti ń fa omi tí ará ìlú ń mu. Ṣùgbọ́n ọjà kò jìnnà sí irà náà, ilẹ̀ rẹ̀ sì lọ́ràá, àwọn èèyàn bá ń gé òrépèté kúrò, wọ́n ń gbin kókò. Kókò kò lè sẹ́ omi tó bí òrépèté ṣe ń sẹ́ ẹ. Bí omi tó ń dé Ggaba ṣe túbọ̀ ń dọ̀tí, owó oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ ń ga sí i, ìjọba sì ti lọ kọ́ ilé iṣẹ́ omi mìíràn sí Katosi, níbi tó jìnnà sí ìlú. Àwọn tó ń gbin kókò níbẹ̀ ní ọmọ tí wọ́n fẹ́ bọ́, àwọn tó ń mu omi náà ní ọmọ. Èyí tí wọ́n á fara mọ́ nínú méjèèjì ni wọ́n ṣì ń bá ara wọn fà.